Òjìji Àga Tí Wọ́n Ti Gbé Lọ

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá a jà. Iṣẹ́ ló fà á. Yàrá mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ wa ní, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, àwa mẹ́jọ la sì wà níbẹ̀ tí à ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Aṣọ dúdú la fi bo gbogbo fèrèsé kí oòrùn má bàa da àwọ̀ rú mọ́ wa lójú. Ẹni tó bá ń fi géèmù náà ṣeré yóò di jagunjagun kan tó kúrò nílé ìyá rẹ̀. Yóò gba inú igbó iwin kọjá, yóò bá abàmì ẹ̀dá jà nínú ihò àpáta, yóò máa yan ohun tó fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá pàdé, títí yóò fi padà délé. Iṣẹ́ tèmi ni iná. Oòrùn tó ń yọ́ wọlé láàárín igi, kùrukùru òwúrọ̀ lórí odò, òkùnkùn tó máa ń ba èèyàn lẹ́rù kí ohunkóhun tó yọjú, èmi ni mo ń ṣe gbogbo rẹ̀. Oníná ni wọ́n ń pè mí.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bàbá mi ló ń ṣe iná mọ̀nàmọ́ná sílé onílé, ọdún mẹ́wàá ni mo sì fi bá wọn di àkàbà mú. Lábẹ́ àkàbà yẹn ni mo ti kọ́ òfin kan ṣoṣo tí mo mọ̀: bí iná bá ń tàn, wáyà kan ló gbé e wá, bí òjìji bá wà nílẹ̀, nǹkan kan ló dúró níwájú iná. Èyí tó kù, ojú ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Ẹni tí mo sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù yìí ni wọ́n wá gbà láti máa kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn inú géèmù lẹ́nu. Kó tó lo ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọ́fíìsì ti ń pè é ní Akọ̀wé. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé bàbá tó ń ta ọ̀dà nísàlẹ̀ máa ń dá a dúró lórí àtẹ̀gùn kó lè tún kí òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ò dá a dúró.

Yàrá tó gbẹ̀yìn géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwa méjèèjì ṣe. Jagunjagun padà sílé, ó bá ìyá rẹ̀ ní pálọ̀. Ìlà méjìlá ni Akọ̀wé kọ fún ìyá náà láti sọ. Mo kà á tán, mo yí àga mi padà sí i.

"Ọdún mélòó ni ìyá yìí fi retí ọmọ ẹ̀?"

"Ọdún méje," ló wí.

"Ẹni tó retí ọmọ fún ọdún méje, ibo ló ti máa ráyè pe omijé ara ẹ̀ ní odò tó ń wá etí òkun?"

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn, àga àti tábìlì inú géèmù, bẹ́ẹ̀ kò di òòlù mú rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

Akọ̀wé ò bínú. "Ó dáa. Ìwọ báwo lo ṣe máa sọ ọ́?"

"Mi ò ní sọ ọ́. Fa àga wá."

Ó jókòó tì mí. Mo mú oòrùn wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó wọ̀, mo jẹ́ kó gba ojú fèrèsé wọlé. Mo gbé fìtílà kan sójú fèrèsé náà, mo tàn án bí ilẹ̀ ò tilẹ̀ tíì ṣú, torí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọmọ òun lọ́nà ló máa ń tètè tan fìtílà. Mo fi èéfín dúdú kun gíláàsì rẹ̀ kó hàn pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jó. Àga onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo jẹ́ kí òjìji rẹ̀ nà títí dé ẹnu ọ̀nà, débi pé ẹni tó bá ń wọlé, òun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ̀.

Ó wò ó títí. Ó dìde, ó padà sí àyè rẹ̀. Kí á tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, ó ti gé ìlà mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ tó kù fún ìyá náà láti sọ ni, "O dé."

Ọjọ́ yẹn ni mo tó wò ó dáadáa.

Mo ní láti ṣàlàyé ohun kan nípa iṣẹ́ wa, torí òun ló bí gbogbo wàhálà tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá ti to iná tán, kọ̀ǹpútà yóò lo bí ọjọ́ méjì láti ṣírò ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé àti ibi tí òjìji bọ́ sí, yóò wá lẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀ àti ògiri pátápátá. Yíyan là ń pè é, bí ìgbà tí wọ́n ń yan búrẹ́dì. Ohun tó bá ti yan ti yan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan kúrò lẹ́yìn ìyẹn, òjìji rẹ̀ ò ní bá a lọ. Nítorí náà ni mo ṣe lẹ ìwé gàdàgbà mọ́ ògiri: ẸNI TÓ BÁ GBÉ NǸKAN, KÓ SỌ FÚN ONÍNÁ.

Ohun kejì ni pé ìwé tí Akọ̀wé fi júwe pálọ̀ náà fún Káfíńtà kún ju bó ṣe yẹ lọ. Fèrèsé lápá òsì. Pẹpẹ ìwé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tí apá ọ̀tún rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti ń sinmi lé e láti ọjọ́ pípẹ́. Mo rò pé orí ara rẹ̀ ló fi ro gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tan iná sí yàrá yẹn. Mo mọ̀ ọ́n ju yàrá tí mo ń sùn lọ.

*

Oṣù mẹ́rin kọjá. Lọ́sàn-án, bí àwọn tó kù bá lọ jẹun, àwa méjèèjì á máa rìn yí àdúgbò ká. Mo ń fi hàn án bí ògiri funfun ṣe máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹni tó bá dúró tì í, àti ìdí tí òjìji aago méjìlá fi ń mú kí ojú gbogbo èèyàn dà bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó ń béèrè, ó ń gbọ́. Ìgbà tó bá ṣe bí ẹni fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ewì, màá wò ó, á rẹ́rìn-ín, á dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

Mo dúró de èyí tó kù. Kò sí.

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán. Mọ́kànlá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti gé e."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti di irin àtẹ̀gùn mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ fún mi, ṣé kì í ṣe pé ó kàn mọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni? Bí mo bá fẹ́ alárékérekè, mi ò ní lè sọ pé mi ò tètè fura. Mo mú un lọ bá bàbá mi níbi iṣẹ́.

Ó kí bàbá mi, ó kí wọn síwájú, ó kí wọn sẹ́yìn. Bàbá mi yíjú sí mi.

"Ṣé rédíò lo gbé wá ni?"

"Bàbá!"

"Ó dáa. Ìwọ rédíò, gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn, máa bá mi bọ̀ lókè àjà."

Wákàtí méjì ni wọ́n lò nínú àjà ilé onílé kan tí wáyà rẹ̀ ti jó. Èmi di àkàbà mú nísàlẹ̀ bí ìṣe mi. Mi ò gbọ́ ohùn Akọ̀wé rárá. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, eruku ti bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Bàbá mi nu ọwọ́, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbé tọ́ọ̀ṣì fún mi. Ibi tí ọwọ́ mi wà ni gbogbo wọn máa ń tàn án sí. Ti eléyìí, ibi tí ọwọ́ mi ń lọ ni." Wọ́n gbé àpò irin iṣẹ́ wọn kọ́ èjìká. "Fẹ́ ẹ."

*

Ó wá ku ìyá Akọ̀wé.

Ọ̀gá ilé-ìwé ni ìyá rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹni tó ṣe alárinà wa ni àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń ránṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Télọ̀. Wọ́n ń fi téèpù wọn aṣọ tí màá wọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́ mi lára, ẹnu wọn kún fún abẹ́rẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń sọ̀rọ̀.

"Tó o bá débẹ̀, má sọ̀rọ̀ púpọ̀ o."

"Àǹtí, mi ò kí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Mo mọ̀. Díẹ̀ tó o máa ń sọ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé la débẹ̀. Mo wọ pálọ̀, mo dúró gbagidi. Mo mọ yàrá náà. Fèrèsé wà lápá òsì, ṣùgbọ́n aṣọ tó nípọn ló bò ó, gílóòbù kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lókè. Pẹpẹ ìwé rèé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, wọ́n fi ìwé tí wọ́n ká tì í. Mo wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmì ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé ń lọ jókòó, ó yà fún ibẹ̀. Àǹtí Télọ̀ yà fún un. Ìyá rẹ̀ gbé omi wá fún wa, àwọn náà yà, bí ẹni pé kòtò wà níbẹ̀.

"Ilé-ìwé wo lo lọ?" ni ohun àkọ́kọ́ tí màmá náà bi mí.

"Kíláàsì kẹrin ni mo ti dúró, mà."

"Kí ló dé?"

"Ìyá mi kú. Bàbá mi ò rí ẹni bá wọn di àkàbà mú."

Wọ́n mi orí díẹ̀. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?"

"Mò ń tan iná sínú géèmù, mà."

"Géèmù." Wọ́n wo Àǹtí Télọ̀. "Àwọn nǹkan tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ tábìlì."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ pé mo dákẹ́ níbẹ̀, bóyá ì bá dára. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò níbi àmì ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn, ìbéèrè náà sì ti dé ẹnu mi.

"Mà, àga ibẹ̀ dà?"

Àǹtí Télọ̀ gbé ife omi kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin.

"Àga wo?"

"Èyí tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mà. Tí apá ọ̀tún ẹ̀ ń dán."

"Ta ló sọ fún ẹ nípa àga?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó wà nínú géèmù wa."

Màmá náà yíjú sí ọmọ wọn. "O gbé pálọ̀ mi lọ sínú géèmù." Wọ́n dìde. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni.

Níta ni Akọ̀wé tó sọ ọ́ fún mi. Orí àga yẹn ni bàbá rẹ̀ kú sí lọ́dún méjì sẹ́yìn, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta, Àǹtí Télọ̀ ti gbé àga náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, kí màmá má bàa máa rí i. Láti ìgbà náà ni màmá ti fi aṣọ bo fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni ò sì tẹ ibẹ̀ mọ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ìwọ tó o lọ́rọ̀ fún gbogbo nǹkan."

"Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí," ló wí. "Inú géèmù yẹn nìkan ni mo ti lè gbé e kalẹ̀."

Mo gbà á gbọ́, torí kò fi nǹkan kan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Àǹtí Télọ̀ mú èsì wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọn ò fẹ́ wò mí lójú. "Ó ní tó bá jẹ́ obìnrin yìí ni, kí ọmọ òun má mú un wá mọ́. Ó ní o ò kàwé, o ò kóra ẹ níjàánu, ẹ sì fi ilé òun ṣeré. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí n gba ilé mi lọ ránṣọ."

Akọ̀wé ní, "Ká lọ ṣe é ní kóòtù. Tó bá yá, wọ́n á gbà."

"Mi ò ní gba ojú fèrèsé wọ ilé ọkọ."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Màá padà lọ."

*

Èmi nìkan ni mo lọ ní Sátidé kejì. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Kò sẹ́ni nílé," ni màmá náà wí láti inú.

"Ẹ ṣeun, mà. Màá padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Sátidé yẹn dé. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Mo ní kò sẹ́ni nílé."

"Ó dáa, mà. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà yín ti jó. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀?"

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn padà sínú ilé. Mo lọ. Mo dé ní Sátidé kẹrin, mo ru àkàbà bàbá mi wá.

"Gílóòbù yẹn ńkọ́, mà?"

"Pààrọ̀ ẹ̀, kó o máa lọ."

Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo lọ. Bí mo ṣe ń ru àkàbà lọ lójú títì, mo rí i tí ẹnì kan ṣí aṣọ fèrèsé díẹ̀, tó tún pa á dé.

Akọ̀wé ò lè jẹun dáadáa láwọn ọjọ́ yẹn. Ó rò pé òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nígbà tí òun gbé pálọ̀ ìyá òun sínú géèmù. Ohun tó wá ṣe nípa rẹ̀, kò sọ ọ́ fún mi. Iwájú ìyá rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ Túsìdeè kan la gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Màmá náà wọlé pẹ̀lú báàgì lápá, ìgò lójú. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ló fò dìde bí ọmọ kíláàsì kìíní.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ta lẹ ń wá?"

"Pálọ̀ mi," ni màmá wí. "Wọ́n ní ó wà níbí. Mo fẹ́ rí i, kí n tó sọ fún yín pé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo fa àga fún wọn, mo ṣí yàrá tó gbẹ̀yìn géèmù. Oòrùn ń wọ̀. Fìtílà ń jó lójú fèrèsé. Òjìji àga náà nà gbọọrọ lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ga, apá rẹ̀ méjèèjì, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Àga ò sí níbẹ̀.

Mo wo Káfíńtà. Káfíńtà ń wo òkè àjà. Mo wo Akọ̀wé. Ó ti dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Kò di ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣàlàyé fún mi: ó ti ní kí wọ́n yọ àga náà, lẹ́yìn tí mo ti yan iná tán, kò sì sọ fún mi.

Màmá náà bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n na ìka kan, wọ́n fi tọ ẹ̀gbẹ́ òjìji náà lọ bí ẹni ń kàwé.

"Kí nìyí?"

Akọ̀wé bọ́ síwájú. "Màámi, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ti lọ, ṣùgbọ́n òjìji wọn ò kúrò nílé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Káfíńtà pàápàá la ẹnu sílẹ̀. Omi ti lé sí màmá lójú, wọ́n sì yíjú sí mi bí ẹni tó fẹ́ na ọwọ́ sí mi. Mo mọ ohun tó wà níwájú mi. Bí mo bá ti lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, mo ti rí ọkọ mi fẹ́. Dídákẹ́ nìkan ló kù. Àǹtí Télọ̀ ti bẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tí màá ṣe ní ibi. Ṣùgbọ́n màá wá máa gbé inú ilé kan tí irọ́ ló gbé mi wọ̀ ọ́, màá sì máa yà fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, bí wọ́n ṣe ń yà fún àmì ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn.

"Irọ́ ni, mà," mo wí. "Àṣìṣe ni."

Akọ̀wé di ojú.

"Àga wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ láìsọ fún mi, òjìji ẹ̀ ò bá a lọ. Kò yẹ kó wà níbẹ̀. Tí mo bá ti tètè rí i ni, ǹ bá ti pa á rẹ́."

Màmá náà wò mí títí.

"Ta ló ní kí wọ́n yọ àga?" wọ́n béèrè.

"Èmi ni, Màámi," ni Akọ̀wé wí.

"Nítorí kí ni?"

"Kí inú yín má bàa bàjẹ́ sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n jókòó. Wọ́n gbé báàgì wọn lé orí ẹsẹ̀, wọ́n dì í mú. "Àbúrò bàbá ẹ gbé èyí tó wà nílé mi lọ, kí inú mi má bàa bàjẹ́. Ìwọ náà gbé èyí tó wà nínú géèmù lọ, kí inú mi má bàa bàjẹ́. Àwọn tó wá kí mi, ọ̀rọ̀ tó dùn ju oyin lọ ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń yà fún ibẹ̀. Èmi náà ń bá wọn yà. Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ bi mí? Ṣé ẹnì kan bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ?"

Ọ̀gá wa rọra padà jókòó.

"Ọdún méjì." Wọ́n na ìka sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń na án sí ọmọ kíláàsì wọn. "Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé mi tó béèrè pé àga ibẹ̀ dà. Mo sì lé e jáde."

"Ẹ ò jẹ̀bi, mà," mo wí. "Ó yẹ kí n ti mu omi tán kí n tó béèrè."

Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e mì. "Ṣé o lè gbé e padà síbẹ̀?"

"Mo lè gbé e padà. Màá tún iná yan lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjọ́ méjì ni."

"Gbé e padà. Ìwọ," wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, "lọ sọ fún télọ̀ yẹn kó gbé àga mi wá fún mi. Ní Sátidé. Kí ìwọ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin yìí, o fẹ́ fi irọ́ gbé e wọlé mi."

Kò lo ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ó ní, "Má bínú."

"Ìwé wà lára ògiri," mo sọ fún un. "Bó o bá gbé nǹkan, sọ fún mi."

*

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí Télọ̀ ló ṣáájú àga wọlé, wọ́n ń jiyàn láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá mo jókòó lórí ẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí lọ́jọ́ kan, mo jókòó, ó sì di bárakú. Mi ò mọ ibi tí ẹ̀yìn mi máa fara tì lọ́la."

"Jókòó sílẹ̀, kó o máa ṣọ ẹnu ẹ," ni màmá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn.

Bàbá mi àti Akọ̀wé ló gbé àga náà láàárín. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Bàbá mi gbé ojú sókè wo gílóòbù tó ń ṣẹ́jú, ọwọ́ wọn ti ń lọ sí àpò irin iṣẹ́.

"Ẹ bi wọ́n ná, Bàbá," mo wí.

"Mà, ṣé kí n wo iná yín?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni màmá wí. "Ọ̀sán ni." Wọ́n rìn lọ síbi fèrèsé, wọ́n di aṣọ náà mú, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oòrùn aago mẹ́rin wọlé bíi pé ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà látọjọ́ yìí.

Wọ́n yíjú sí mi. "Kíláàsì kẹrin lo ti dúró, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkarùn-ún. Tí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó tán, ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni tèmi. Mi ò fẹ́ àwáwí."

"Ẹ̀yin náà á kọ́ géèmù, mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò tíì dé ibi tí ìyá inú géèmù ti sọ̀rọ̀."

Akọ̀wé la ẹnu láti sọ nǹkan, ó wò mí, ó pa á dé. Màmá fi ọwọ́ nu apá ọ̀tún àga náà, ibi tó ń dán, wọ́n kúrò lẹ́bàá rẹ̀.

"Jókòó," wọ́n sọ fún mi.

Mo wò wọ́n, bóyá mi ò gbọ́ wọn yé. Wọ́n mi orí. Mo jókòó. Àga náà le, ó sì ga ju bí mo ṣe rò lọ. Níwájú mi, òjìji rẹ̀ nà lórí ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, bí mo ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò fi síbẹ̀ nígbà náà: orí èèyàn tó yọ lókè ẹ̀yìn àga. Orí tèmi ni.